Ilé Ìyá Àgbà Lórí Òkè Swayambhu

Ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná, ẹ bojú wò ó kó má jóná. Ẹni tó ń wakọ̀, ẹ fara balẹ̀. Òkè kan ni mo fẹ́ kí a jọ gùn lónìí, bí ẹ ti jókòó yẹn gan-an. Kì í ṣe Olúmọ, kì í ṣe Ìdànrè. Kathmandu ni òkè yìí wà, olú ìlú Nepal, orílẹ̀-èdè tí Íńdíà àti Ṣáínà há sáàárín. Swayambhu ni wọ́n ń pè é. Ojúbọ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló wà lórí rẹ̀, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn èèyàn ti ń gun ibẹ̀ lọ kúnlẹ̀. Bí ẹ bá ti rí àwòrán Nepal rí, tí ẹ rí ojú ńláńlá méjì tí wọ́n kùn sára wúrà, tó ń wo èèyàn bí ìgbà tí ọ̀gá iléèwé bá ń wo ọmọ tó pẹ́ dé, ibẹ̀ náà ni.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, ẹ jẹ́ kí n fi ìyá tó bí ìyá mi hàn yín. Ojú màmá náà kún fún àpá wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, bí iyanrìn tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí. Bí àwa ọmọdé bá bi í pé kí ló ṣe é lójú, á ní, “Olóde ló kí mi.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ gan-an tí àrùn náà ń jẹ́, kò jáde lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi kú. Bí oòrùn bá mú kankan lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, kò gbọdọ̀ rí aṣọ pupa lára wa níta. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá sí iléèwé wa láti gún wa lábẹ́rẹ́ àjẹsára, tí àwọn ìyá kan ń kó ọmọ wọn pamọ́ sínú oko, màmá yìí ló fà mí lọ́wọ́, tó tì mí síwájú gbogbo ọmọ. Àpá abẹ́rẹ́ náà ṣì wà ní apá òsì mi dòní. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sápò, a ó padà yọ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ sí Swayambhu. Sátidé ni wọ́n ń sinmi ní Nepal; Sọ́ńdè, iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló mú mi lọ, ọmọ Newar. Àwọn Newar ni wọ́n ti wà ní àfonífojì Kathmandu kí ẹnikẹ́ni tó kó gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ di ìjọba kan. “Didi” ló ń pè mí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bí i lọ́mọ. Inú mi dùn sí i. Ìlú tí wọn kì í ti í fi orúkọ gbẹrẹfu pe ẹni tó jù wọ́n lọ, mo mọ̀ pé n kò jìnnà sílé púpọ̀.

Ó bi mí pé ọ̀nà wo ni kí a gbà. Ọkọ̀ lè gbé wa gba ẹ̀yìn òkè títí dé ìtòsí ojúbọ. Àtẹ̀gùn òkúta wà níwájú, ní ìhà ìlà-oòrùn, 365 ni, bí ọjọ́ inú ọdún. Èmi tí mo ti gun Olúmọ nígbà tí egungun mi ṣì le, mo ní àtẹ̀gùn ni. Ẹnu mi ló kó bá mi. Nísàlẹ̀ pátá, ère Búdà ńláńlá mẹ́ta jókòó, wọ́n kùn wọ́n ní pupa àti ìyẹ́yè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àṣé wọ́n mọ ohun tí ojú mi máa tó rí. Ìbẹ̀rẹ̀ àtẹ̀gùn náà rọrùn. Ó lọ pẹrẹsẹ lábẹ́ igi, àwọn obìnrin pàtẹ ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, òdòdó ìyẹ́yè àti àgbàdo tí èèyàn lè rà fún ẹyẹlé. Mo ń dá àpárá. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lọ, òkè ń dìde. Nígbà tó ku díẹ̀ kí a débẹ̀, àtẹ̀gùn náà ti nà ró bí àkàsọ̀ àjà, èmi sì ti di ẹni tó ń fi ọwọ́ ti orúnkún ara rẹ̀. Àwọn ìyá arúgbó tó wọ bàtà sílípáàsì, tí wọ́n gbé àwo bàbà tó kún fún ìrẹsì àti fìtílà dání, ń kọjá lára mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ kàn mí lẹ́yìn bí ẹni ń sọ pé, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ.” Kò dúró.

Ká sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀bọ. Àwọn arìnrìn-àjò kì í pe ibẹ̀ ní Swayambhu, Tẹ́ńpìlì Ọ̀bọ ni wọ́n ń pè é, wọn kò sì purọ́. Irin ìdìmú wà láàárín àtẹ̀gùn kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú. Àwọn ọmọ ọ̀bọ ti sọ ọ́ di ohun ìṣeré, orí rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí tí wọ́n ń yọ̀ ṣọ̀ọ̀ lọ sísàlẹ̀. Mo yọ bisikíìtì kan nínú báàgì. Kí n tó já ọ̀rá rẹ̀, ọwọ́ kékeré kan ti gbà á, jẹ́jẹ́, láìbínú, bí ìgbà tí agbowó orí bá gba ẹ̀tọ́ ìjọba. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ọ̀bọ níbẹ̀. Ìtàn wọn ni pé ẹni mímọ́ kan tó ń jẹ́ Manjushri gbé orí òkè náà, ó jẹ́ kí irun rẹ̀ gùn, iná orí sì kún inú rẹ̀. Àwọn iná orí náà ló di ọ̀bọ, irun orí rẹ̀ ló sì di àwọn igi tó bo òkè. Mo wo ọ̀kan tó ń wá nǹkan lórí ọmọ rẹ̀. Mo ní àwọn wọ̀nyí ṣì ń ṣe ìrántí ibi tí wọ́n ti wá.

Ohun tó kọ́kọ́ pàdé èèyàn lórí òkè kì í ṣe ojú ńlá tí mo wí. Ẹdùn àrá ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè fún un tó máa yé ọmọ Yorùbá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Vajra ni wọ́n ń pè é, ohun ìjà mànàmáná tí àwọn ará Íńdíà ti fi sọ́wọ́ Indra, òrìṣà òjò àti àrá, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà wá sọ di àmì òye tí nǹkan kan kò lè fọ́. Èyí tó wà ní Swayambhu tóbi bí àgbà ọkùnrin tó dùbúlẹ̀, bàbà tí wọ́n fi wúrà bò ni, orí rẹ̀ méjèèjì rí bí èékánná tó ká jọ. Ọba Pratap Malla, tó jọba Kathmandu láti 1641 sí 1674, ló gbé e síbẹ̀. Òun náà ló ṣe àtẹ̀gùn gígùn tó fẹ́ pa mí, ó sì kọ́ ilé ìṣọ́ funfun méjì sí ọ̀tún àti òsì ẹdùn náà. Ọba yìí fẹ́ràn orúkọ ara rẹ̀ púpọ̀. Ọ̀kan nínú ilé náà ń jẹ́ Pratappur, èkejì ń jẹ́ Anantapur, orúkọ ìyàwó rẹ̀.

Ní oṣù Èrèlé 2011, àrá sán, ó sì ba Pratappur jẹ́. Ẹ rò ó wò. Ẹdùn àrá ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún ohun tó ju 300 ọdún lọ, wọ́n ń ta òdòdó sí i lára, wọ́n ń fi iwájú orí kàn án. Àrá wá, kò yà fún ojúlùmọ̀. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kí làwọn èèyàn sọ lọ́jọ́ kejì. Ó ní wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó tí wọ́n máa fi tún un kọ́.

Ó wá ku òkìtì náà fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sítúpà. Nígbà tí mo gbọ́ pé tẹ́ńpìlì ni, mo ti múra láti bọ́ bàtà, kí n tẹrí ba gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Kò sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí inú. Òkìtì ńlá kan ni, ó funfun, ó rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó sì kún dẹ́nu láti inú. Lórí igbá yìí ni wọ́n gbé àpótí onígun mẹ́rin lé, ojú méjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ibikíbi tí o bá wà nínú ìlú yóò fi máa wò ọ́. Níbi tó yẹ kí imú wà, ohun kan ló lọ́ wínníwínní bí ìbéèrè. Ení ni, nọ́ńbà àkọ́kọ́, bí àwọn ará Nepal ti ń kọ ọ́. Wọ́n ní ó túmọ̀ sí pé ọ̀kan ṣoṣo ni òtítọ́. Òrùka wúrà 13 tò léra wọn lókè àpótí náà, ìpele 13 tí èèyàn ń gùn kó tó dé ibi tí Búdà dé. Agbára káká ni mo fi gun 365 ti ìsàlẹ̀, mi ò bá wọn débẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń yí i ká. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni òkìtì náà gbọ́dọ̀ wà nígbà gbogbo. Agbá bàbà kéékèèké tò yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká, àdúrà wà lára wọn, bí èèyàn ti ń kọjá lọ ló ń fi ọwọ́ yí wọn, a sì jẹ́ pé àdúrà ti gòkè. Àsíá wẹ́wẹ́ aláwọ̀ márùn-ún ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè, àwọ̀ ojú ọ̀run, funfun, pupa, ewé àti ìyẹ́yè. Àwọn tó ń bá mi yíká kì í ṣe ẹ̀yà kan. Mo rí àwọn ará Tibet tó di irun orí wọn sí méjì, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó sá wá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1959. Mo rí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tó fi àmì pupa síwájú orí. Lẹ́yìn òkìtì náà ni ojúbọ Manjushri wà. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Saraswati, òrìṣà ìmọ̀ àti ìwé, ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé tó fẹ́ yege ìdánwò ń wá, àwòrò kò sì bi wọ́n pé èwo nínú méjèèjì ni wọ́n wá rí. Àwa tí à ń jẹ ẹran iléyá, tí à ń jẹ ìrẹsì Kérésì nínú ìdílé kan náà, a ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Wúrà tó wà lókè yẹn kì í ṣe wúrà àtijọ́ o. Láàárín 2008 sí 2010 ni wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà kan tó fìdí kalẹ̀ sí California ló ná owó rẹ̀, 20 kìlógíráàmù wúrà ló sì lọ sí i. Lọ́dún 1349 ẹ̀wẹ̀, Sultan Shamsuddin Ilyas kó ogun wá láti Bengal, ó sì ba òkìtì náà jẹ́. Wọ́n tún un ṣe. Ohun tí mo rò nígbà tí mo yí i ká lẹ́ẹ̀kẹta ni pé kò dájú pé ohun àtijọ́ kankan ṣẹ́ kù lójú ayé níbẹ̀. Ohun tó ti wà láti àtijọ́ ni àtúnṣe.

Swayambhu túmọ̀ sí ohun tó fúnra rẹ̀ hù. Ìtàn wọn ni pé adágún omi ni gbogbo àfonífojì Kathmandu nígbà kan rí, àwọn ejò ńlá ló ń gbé inú rẹ̀. Òṣíbàtà kan hù láàárín omi, ìmọ́lẹ̀ sì ń jáde lára rẹ̀. Manjushri gbọ́, ó ti òkè mímọ́ kan ní Ṣáínà wá, ó fẹ́ kí àwọn èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débi ìmọ́lẹ̀ náà. Ó bá yọ idà, ó gé òkè ní ìhà gúúsù, níbi tí wọ́n ń pè ní Chobhar, omi sì wọ́ jáde. Odò Bagmati ṣì ń gba ojú ọgbẹ́ idà náà kọjá dòní. Òṣíbàtà bá jókòó sórí òkè. Lẹ́yìn náà ni àwòrò kan tó ń jẹ́ Shantikar bẹ̀rù pé àwọn èèyàn ìkà yóò jí ìmọ́lẹ̀ náà, ó fi òkúta bò ó. Ìyẹn ni pé gbogbo wúrà àti ojú tí mo fi ẹnu tú fún yín láti ìṣẹ́jú mélòó kan, ìdérí ni. Ohun tí wọ́n ń bọ wà lábẹ́. Shantikar náà, wọ́n ní kò kú. Ó wà nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Shantipur, lẹ́yìn òkìtì, tí ilẹ̀kùn inú rẹ̀ kì í ṣí fún ẹnikẹ́ni. Mo kan tẹ́tí létí ilẹ̀kùn náà bí amébo. Ẹyẹlé nìkan ni mo gbọ́.

Ẹ má rò pé ìtàn adágún yẹn jẹ́ àlọ́ lásán. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wá, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni adágún wà níbẹ̀ láyé ìgbà láéláé. Amọ̀ dúdú tó wà nísàlẹ̀ adágún náà ni ìlú Kathmandu tẹ̀dó lé. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kalimati, èyí tó túmọ̀ sí ilẹ̀ dúdú. Amọ̀ náà dára fún oko, àwọn àgbẹ̀ ti fi ṣe ajílẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mì, ṣe ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń mì bí ẹ̀kọ tútù nínú ewé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Igbe 2015, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago 12 ọ̀sán lù, ilẹ̀ mì ní Nepal, 7.8 ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Àwọn tó kú tó bí 9,000. Lórí Swayambhu, Anantapur wó, ilé ìṣọ́ kejì nìyẹn, ilé àwọn tó ń gbé orí òkè náà sì fọ́. Òkìtì náà sán díẹ̀, kò wó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú mi lọ ṣì jẹ́ ọmọ iléèwé nígbà náà. Sátidé ni ọjọ́ yẹn, ó ní, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ọmọ kankan nínú kíláàsì. Ó sọ ọ́, ó sì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ló ní, “Didi, ẹ jẹ́ ká lọ kí Ìyá Àgbà.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa àlejò, òkìtì là ń wá wò. Àwọn onílùú, ilé kékeré kan ní igun òkè náà ni wọ́n ń bá lọ. Òrùlé rẹ̀ méjì léra wọn, wọ́n fi wúrà bò ó, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò gbà ju èèyàn kan lọ. Ibẹ̀ ni èrò tò sí. Àwọn ìyá gbé ọmọ ọwọ́, àwọn ìyá ìyá wọn tẹ̀ lé wọn. Ẹyin wà nínú àwo, wàrà dídì wà níbẹ̀, ìrẹsì, òdòdó, àti lẹ́búlẹ́bú pupa tí wọ́n ń fi kun ère náà títí tí ojú rẹ̀ kò fi hàn mọ́. Harati ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Àwọn Newar ń pè é ní Ajima, ìyá àgbà. Kò sì sí ọmọ Newar tó máa la ẹnu lásán kó pè é ní nǹkan mìíràn.

Kí ni ìyá àgbà yìí ṣe? Wọ́n ní nígbà ayé Búdà, abo iwin ni, 500 ọmọ ló bí, ọmọ àwọn ẹlòmíràn ló sì ń jẹ. Ìlú sunkún tọ Búdà lọ. Búdà kò bá a jà. Ó mú àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó fi igbá ìtọrẹ tó ń gbé káàkiri dé e mọ́lẹ̀. Harati wá ọmọ rẹ̀ lọ sókè, ó wá a lọ sódò, ó ń ké, títí tó fi dé iwájú Búdà. Búdà bi í pé, ìwọ tó ní 500, tí ọ̀kan ṣoṣo sọ nù mọ́ ọ lọ́wọ́, kí ni kí ẹni tó bí ẹyọ kan wá ṣe? Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru tòru, ojú ìyá yìí là lọ́jọ́ náà. Ó búra pé òun kò ní jẹ ọmọ mọ́, òun yóò máa ṣọ́ wọn. Búdà náà sì ṣèlérí pé ebi kò ní pa á, wọn yóò máa gbé oúnjẹ fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹyin fi ń lọ lójoojúmọ́.

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé àrùn wo gan-an ni Ajima ń gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ojú ara rẹ̀, tó-tó-tó, bí ẹni tó ń fi òòlù kan nǹkan. Mo ti mọ̀ kó tó sọ ọ́. Olóde ni. Ilẹ̀ẹ́gbóná. Ìyá Àgbà lórí òkè Swayambhu ló ni àrùn tó kọ ojú ìyá ìyá mi. Òun ló ń fi jà, òun náà ló ń wò ó sàn. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tó tò síbẹ̀ ń pè é ní Shitala, nígbà tí àrùn náà ṣì ń jà ní Íńdíà, bó bá wọlé, wọn kì í dá orúkọ rẹ̀, wọ́n á ní “Ìyá” ló dé. Ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Àwọn èèyàn tí kò gbọ́ orúkọ Ọ̀yọ́ rí, ohun kan náà ló bà wọ́n lẹ́rù, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n dá sí i: ohun tó lè pa ọ́, má pe orúkọ rẹ̀, fi ìbátan pè é. Àwa ní Baba, àwọn ní Ìyá. Àwa gbé e dé ibi tí ẹni tó bá pa ní ilé kò tilẹ̀ gbọdọ̀ sunkún, ọpẹ́ ló máa dá. Alápadúpẹ́ ni oríkì rẹ̀.

Wọ́n sọ ìtàn ọba Nepal kan fún mi níbẹ̀, Rana Bahadur, tí ayaba rẹ̀ kó àrùn yìí. Ọba rúbọ, ó bẹ̀bẹ̀, ayaba kú. Wọ́n ní ṣe ló rán àwọn èèyàn lọ ba ère Ajima jẹ́. Mi ò mọ ọba Yorùbá tó dán irú rẹ̀ wò sí Olóde. Ìjọba àwọn òyìnbó ló dán an wò ní tiwa. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọ̀kan nínú àwọn dókítà Yorùbá tó kọ́kọ́ kàwé nílùú òyìnbó, wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà náà ní bòńkẹ́lẹ́, ó rí i pé àwọn kan nínú wọn ń fi ọwọ́ ara wọn tan àrùn náà kálẹ̀, ìjọba sì fòfin de ìsìn wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Mi ò ní bá Sàpárà jà. Ẹ̀mí èèyàn ló gbà là.

Lọ́dún 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé àrùn náà ti tán pátápátá láyé. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé, bí àrùn ti lọ, kí ni èrò yìí tún ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà? Ó wò mí bí ẹni tó bi í pé kí ló dé tí òun ṣì ń kí ìyá ìyá òun nígbà tí òun ti já lẹ́nu ọmú. Ó ní, “Didi, ọmọ ṣì ń ṣàìsàn.” Ibà ń bẹ, ikọ́ ń bẹ, ọmọ tí kì í sùn lóru ń bẹ. Wọ́n kàn fún Ìyá Àgbà ní iṣẹ́ mìíràn ni. Lẹ́yìn ìrúbọ, ìdílé á jókòó sí abẹ́ igi, wọ́n á bu oúnjẹ síwájú ara wọn, àwọn ọ̀bọ á jókòó tì wọ́n bí ìbátan tí wọn kò pè.

Iṣẹ́ mìíràn yìí náà ni wọ́n fún tiwa ní òkè òkun. Ní Kuba, Babalú Ayé ni wọ́n ń pè é, ní ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀pẹ lọ́dọọdún, èrò máa ń rìn lọ sí El Rincón, lẹ́bàá Havana. Àwọn mìíràn ń fi orúnkún wọ́ lọ, kó lè wò wọ́n sàn. Ní Brazil, Omolu ni, wọ́n ń da gúgúrú sí i lára. Ṣùgbọ́n nílé ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ibi, èpè nìkan ló kù tí ọmọ wa fi mọ orúkọ rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ bọ ọ́. Mo kàn dúró ní igun òkè yẹn, mo ń wo ẹyin àti lẹ́búlẹ́bú pupa, pupa tí ìyá ìyá mi kò jẹ́ kí a wọ̀ lọ́sàn-án, ó sì ń dùn mí pé mi ò bi màmá ní ohun púpọ̀.

A sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sán. Sísọ̀kalẹ̀ náà kì í ṣe ẹrù kékeré, orúnkún ló mọ̀. Ní ìdajì ọ̀nà, mo jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí òun sáré lọ ra tíì wá. Oòrùn ti mú, mo ká apá aṣọ mi sókè. Ìyá arúgbó kan tó gbé àwo bàbà òfìfo dání wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, òun náà ń mí. Ó wo apá mi. Ó fi ìka kan àpá abẹ́rẹ́ náà jẹ́jẹ́. Ó wá ká apá aṣọ tirẹ̀ náà, àpá kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀ bíi kọ́bọ̀, ó rí rádaràda bíi tèmi. A kò gbọ́ èdè ara wa. Ó nawọ́ sókè, sí ibi tí òrùlé wúrà ti ń kọ yànrànyànràn láàárín igi, ó ní, “Ajima.” Ó tún wò mí, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni ń béèrè pé, tìrẹ ńkọ́?

Mo gbé ọwọ́ sókè. N kò mọ ibi tí ǹ bá nà án sí.